Àlọ́ Tí Ìyá Àgbà Pa fún Rẹ́kọ́dà

Ìwé kan ṣì wà nínú àpótí mi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ níwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: 014, ìyàwó tó ń sunkún, 052, ìyá tó ń kiri ẹ̀kọ, 087, bàbá tó ń bá ajá rẹ̀ wí. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ tíṣà báyìí, tó ń fi fóònù kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní Yorùbá, bi mí pé kí ni mo ń kọ bẹ́ẹ̀. Mo ní òǹkà rẹ́kọ́dà ni. Lára rẹ́kọ́dà tíṣà wa, fèrèsé kékeré kan wà tí nọ́ńbà mẹ́ta máa ń yí nínú rẹ̀ bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti ń yí. Èmi ni tíṣà yàn láti máa kọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, nítorí pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, n kì í sì í ṣi nọ́ńbà kọ.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni, mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹta. Angwan Rogo ni à ń gbé, bàbá mi sì ń ta abọ́ tánńganran ní ọjà ńlá. Ìlọrin ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí. Hausa ni mo fi ń ṣeré, Hausa ni mo fi ń lá àlá. Yorùbá tí mo gbọ́ kò ju ti oúnjẹ, ìkíni àti ìbáwí lọ. Bí àlejò bá ti ilé dé, màá kúnlẹ̀ kí i dáadáa, màá sì tètè wá iṣẹ́ ṣe lẹ́yìnkùlé kó tó bi mí ní ohun mìíràn.

Nílé-ìwé, bí agogo bá lù fún èdè, àwọn tó ń ṣe Hausa á jókòó sí kíláàsì, àwa mẹ́tàlélógún á sì gbé àga wa lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó ọkọ́ àti àdá sí. Ìwé méje ni a ní láàárín ara wa. Tíṣà wa jẹ́ ọmọ Èkìtì, ó tẹ́ẹ́rẹ́, súwẹ́tà aláwọ̀ ewé kan náà ló máa ń wọ̀ láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìgbà òjò. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn wá láti Tudun Wada. Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà ni rẹ́kọ́dà máa ń wà, ó á fi táwẹ́ẹ̀lì wé e bí ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e wọlé, kò ṣàlàyé kankan. Ó tú táwẹ́ẹ̀lì, ó tẹ bọ́tìnì kan. Ohùn ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére fún àwọn òbí rẹ̀, ó ń lọ sílé ọkọ. Gbogbo wa yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan tilẹ̀ dìde láti fún un ní àga. Tíṣà tẹ bọ́tìnì mìíràn, ọmọbìnrin náà dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Tíṣà dá a padà sẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sọ ohun kan náà, ó sì tún fa imú níbi kan náà.

"Ibo ni ohùn rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbọ̀n?" tíṣà bi wá.

A ò mọ̀. Ó gbé e fún wa lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà kẹrin ni mo gbọ́ ọ: nígbà tó pe "ilé" ni, kì í ṣe nígbà tó pe "bàbá" tàbí "ìyá". Mo ti rí irú ẹkún bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rí, ó sì ti kọjá lójú mi bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára páálí ọṣẹ. Ní ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Mo wo rẹ́kọ́dà yẹn, mo wo ihò wẹẹrẹ tó wà níwájú rẹ̀, n kò sì lè gbé ojú kúrò. Ọmọbìnrin yẹn ti dé ilé ọkọ tipẹ́, bóyá ó ti bímọ, síbẹ̀ ó ń sunkún fún wa ní Jọ́ọ̀sì nígbàkigbà tí tíṣà bá fẹ́.

Tíṣà sọ pé ní ọlidé lòun ń gbé rẹ́kọ́dà kiri abúlé. Owó bátìrì máa ń ni ín lára. Bó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán, á to bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú fèrèsé kí oòrùn fún wọn lágbára díẹ̀ sí i.

Nígbà tí gbogbo kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tán, ó ní kí a máa gbé rẹ́kọ́dà lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a lọ gba ohùn àgbà ilé wa. Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ gbé e lọ ba iṣẹ́ jẹ́. Bàbá àgbà rẹ̀ ń sọ ìtàn, òun náà ń dá sí i ní Hausa títí kásẹ́ẹ̀tì fi parí. Inú bí tíṣà.

"Ẹ fetí sílẹ̀," ó sọ. "Ẹ gbé e sórí aṣọ, ẹ má gbé e sórí tábìlì. Ẹ tẹ bọ́tìnì pupa pẹ̀lú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa ẹnu yín mọ́. Ohùn àgbà nìkan ni mo fẹ́. N kò fẹ́ gbọ́ ikọ́. N kò fẹ́ gbọ́ 'to' àwọn Hausa tí ẹ fi ń pe 'ó dáa'. N kò fẹ́ gbọ́ 'haba'."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ìyá bàbá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Ajé ló fẹ́ wọ̀ padà sí Ìlọrin. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń wò mí. Ó á bi mí ní nǹkan, màá mi orí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo gbọ́ tó ń bi bàbá mi léèrè pé, "Ọmọ yìí, ṣé onílé ni àbí àlejò?" Bàbá mi fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pé mo fẹ́ kí ó pa àlọ́ fún mi, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìwọ lo fẹ́ gbọ́ àlọ́?"

"Ẹ̀n, Ìyá àgbà. Fún ilé-ìwé."

"Kò burú. Fún ibi yòówù kó jẹ́."

Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsárì, ó wẹ̀, ó ró ìró rẹ̀ tó dára, ó bu omi sẹ́nu ó sì tu ú dànù. Mo ká aṣọ sórí ẹní, mo gbé rẹ́kọ́dà lé e. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"O káàsán o," ó sọ fún rẹ́kọ́dà.

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá," ìyá mi sọ láti ẹnu ọ̀nà.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ó wọlé bá mi, kí n má kí i ni?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iná lẹ́yìnkùlé. Mo tẹ bọ́tìnì méjèèjì. Iná pupa tàn. Òǹkà wà ní 000.

"Bísímílàhì," ni Ìyá àgbà sọ. "Ààlọ́ o."

Mo pa ẹnu mi mọ́. Rẹ́kọ́dà ń yí, ó ń ṣe ṣíì bí omi tó fẹ́ hó. Ìyá àgbà dúró. Ó tẹ orí sí ọ̀dọ̀ mi.

"Ààlọ́ o."

Mo fi ìka kan ètè mi, mo sì nawọ́ sí rẹ́kọ́dà. Kò sí ọmọ Yorùbá kan, bó ti wù kó kéré tó, tí kò mọ̀ pé tí wọ́n bá pe ààlọ́, a máa ń jẹ́ ààlọ̀. Èmi gan-an mọ̀ ọ́n. Ó wà lẹ́nu mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kọ òfin tíṣà sílẹ̀, n kì í sì í yẹ òfin tí mo bá kọ sílẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó máa bá a lọ. Ó sọ nípa ọmọbìnrin kan tí iná kú ní ilé wọn, tí wọ́n rán lọ gba ẹyin iná ní ìlú kejì. Ó rù ú sínú àpáàdì, afẹ́fẹ́ sì dúró dè é ní oríta mẹ́ta. Ní oríta kọ̀ọ̀kan ọmọ náà ń kọrin:

Mo gbaná lọ́wọ́ àgbà.

Níbi tí ègbè yẹ kó wà, Ìyá àgbà dúró, bí ẹni tó gbẹ́sẹ̀ tí kò rí ilẹ̀ tẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ń bẹ lọ́nà.

Ó tún dúró.

Kíná má kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó ti kọ́ mi ní ègbè náà, rẹ́kọ́dà sì ń gbọ́, kí orin tó bẹ̀rẹ̀. "Rọra" ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń pàlọ́ kì í gbe ara rẹ̀, nítorí náà kò kọ ègbè náà, ó kàn ń dúró ni. Oríta mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mẹ́ta. Mo wo òǹkà, mo sì ń kọ nọ́ńbà. N kò wo ojú rẹ̀. Ó sọ àlọ́ náà parí nítorí pé àgbà kì í fi àlọ́ sílẹ̀ lágbedeméjì nínú ilé ọmọ rẹ̀.

"Ó tán," ó sọ. "Pa nǹkan ẹ."

Mo pa á. "Ẹ ṣé, Ìyá àgbà."

"Ta lò ń dá lóhùn báyìí?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo ní, "Tíṣà ni. Wọ́n ní kí n má... kada in yi magana." Hausa ló jáde, pé kí n má sọ̀rọ̀. Ìyá mi sáré wọlé, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ìyá àgbà gbọ́ ọ dópin.

"Ó yé mi," ó sọ. "Tíṣà ní kí ọmọ má dá ìyá bàbá ẹ̀ lóhùn, kó lè baà gbọ́ Yorùbá."

Nígbà tí bàbá mi ti ọjà dé tó sì kírun tán, Ìyá àgbà pè é jókòó. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà.

"Bí wọ́n bá ti gba ọlidé ọdún yìí, fi ọmọ yẹn ránṣẹ́ sí mi. Kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi."

"Ilé-ìwé ẹ̀ ńkọ́, Ìyá?"

"Ilé-ìwé wà ní Ìlọrin. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n dáhùn, kí ni yóò fi ilé-ìwé tibí ṣe?"

Bàbá mi kò sọ "rárá" fún ìyá rẹ̀ rí. Ó ní, "Ó dáa, Ìyá."

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Oṣù mẹ́ta ló kù kí ọlidé tó dé. N kò mọ ilé mìíràn. Àwọn òkè olókùúta tó yí wa ká, òtútù àárọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi tí à ń jọ rìn gba ọ̀nà Naraguta, ìwọ̀nyí ni ayé mi, wọ́n sì ti fi gbólóhùn méjì gbà á lọ́wọ́ mi.

Ní ọjọ́ Ajé a sin Ìyá àgbà dé ibùdókọ̀ ojú irin. Mo kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ fèrèsé ọkọ̀. Ó na ọwọ́ jáde, ó gbé e lé mi lórí, ó ń ṣàdúrà, mo sì ń ṣe "Àmín" sí gbogbo rẹ̀.

"Èyí lo mọ̀ ọ́n dáhùn," ó sọ. Ọkọ̀ fọn, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé rẹ́kọ́dà padà. Mo ti rò pé kí n sọ pé bátìrì ló kú, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbé e. Tíṣà tẹ bọ́tìnì.

"Bísímílàhì. Ààlọ́ o," ni Ìyá àgbà sọ nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ibi ọkọ́ àti àdá.

Lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan àfi ṣíì.

"Ìyá yìí ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nì kan," ẹnì kan sọ lẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ààlọ́ o," ó tún sọ, ṣíì tún dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tíṣà pa á.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ìyá nígbà yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"O ò dáhùn?"

"Ẹ ní kí n pa ẹnu mọ́, sà."

Tíṣà wò mí. Ó fọwọ́ lé rẹ́kọ́dà lórí, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni," ó sọ. A ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu tíṣà rí. "N kò rò ó débẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dá àlọ́ pa." Ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà títí òǹkà fi dé 000. "Gbogbo yín, ẹ dìde. Ẹ dá ìyá lóhùn."

"Ààlọ́ o," ni Ìyá àgbà sọ.

"Ààlọ̀," a dáhùn, gátagàta.

"Ààlọ́ o," ó tún sọ, bíi pé ó fẹ́ ká ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ààlọ̀." Lọ́tẹ̀ yìí gbogbo wa jọ sọ ọ́ ni.

Ó sì bẹ̀rẹ̀ àlọ́.

N kò mọ bí mo ṣe lè sọ bó ṣe rí. Ẹni tí mo mọ̀ pé ó ti wà lójú irin láti àná, ó pè wá, ó dúró, a jẹ́, ó sì ń bá a lọ bí ẹni tó gbọ́ wa. Nígbà tó kọ "Mo gbaná lọ́wọ́ àgbà" tó sì dákẹ́, àwa mẹ́tàlélógún la kọ "Rọra" sínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ó sì gbà á bí ìgbà tí ènìyàn gba igbá omi. Àyè náà ṣe déédéé. Kò gùn jù, kò kúrú jù. Gbogbo ibi tí mo rò pé mo ti ba iṣẹ́ jẹ́, ibẹ̀ gan-an ni a dúró sí.

Nígbà tí ọmọ inú àlọ́ dé oríta kejì, orí ti kún ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ tó ń ṣe Hausa ti jáde, àwọn Bírọ̀ọ̀mù, àwọn Ìgbò, wọ́n ń wo rẹ́kọ́dà. Ní oríta kẹta, àwọn náà ń kọ "Rọra" láìmọ ohun tó túmọ̀ sí. Iná dé ilé láìkú. "Ó tán," ni Ìyá àgbà sọ. "Pa nǹkan ẹ." Tíṣà pa á kíá bí ẹni tí wọ́n bá wí, gbogbo yàrá sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n jáde tán, mo dúró. N kò dá sọ gbólóhùn mẹ́ta ní Yorùbá fún tíṣà rí.

"Sà, Ìyá àgbà mi kò gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí n wá máa gbé ní Ìlọrin nítorí pé n kò dáhùn. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ, bóyá wọn á yí i padà."

Ó ń fi táwẹ́ẹ̀lì wé rẹ́kọ́dà. "Rẹ́kọ́dà méjì la nílò," ó sọ.

Ó yá ìkejì lọ́wọ́ onílé rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ó gbé wọn kojú ara wọn, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èkejì ń gbọ́. Kó tó tẹ bọ́tìnì pupa, ó ní, "Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wúkọ́." Àwọn ojú fèrèsé tún wá.

Láyé ìgbà yẹn, àwọn oníṣòwò Ìlọrin tó wà ní Jọ́ọ̀sì kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ lẹ́tà sílé mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, ẹni tó bá ń lọ sílé á kì í bọ àpò. Àlùfáà kan tó ń ta ẹní ìkírun nítòsí ìsọ̀ bàbá mi ló bá wa mú tiwa lọ. Mo sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un ní Hausa, ó ní òun yóò ròyìn rẹ̀ ní Yorùbá.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Bàbá mi ra àpótí onípáànù kan fún mi. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í to aṣọ mi sínú rẹ̀, tó bá sì ṣe díẹ̀, á tún kó wọn jáde pé wọn ò tíì gbẹ dáadáa.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, àlùfáà dé. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì kan wá tí wọ́n fi gèlè dì. Ó ní ìyàwó àbúrò bàbá mi ló bá Ìyá àgbà tẹ bọ́tìnì, pé Ìyá lé gbogbo ènìyàn jáde lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá mi ránṣẹ́ sí tíṣà. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá pẹ̀lú rẹ́kọ́dà nínú táwẹ́ẹ̀lì, wọ́n fún un ní ife kúnnú mu, ó sì jókòó sétí ẹní. Èmi ni mo ká aṣọ sábẹ́ rẹ́kọ́dà. Mo mú ìwé mi dání.

"Bísímílàhì. Ẹ kú ilé o," ni Ìyá àgbà sọ, ó sì dúró.

"O ò, Ìyá, ẹ káàbọ̀," bàbá mi dáhùn. Ó bojú wo tíṣà, ojú tì í díẹ̀.

"Mo gbọ́ ohùn yín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ náà pọ̀. Àwọn kan ń pe 'Rọra' bí ẹni tí ẹ̀kọ gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Ọmọ tèmi wà lẹ́yìn, ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì máa ń dé lẹ́yìn tàwọn tó kù. Mo mọ̀ ọ́n." Ó wúkọ́. "Tíṣà, àlùfáà sọ fún mi pé ẹ ní ẹ̀bi yín ni. Ẹ ṣeun. Àlọ́ mẹ́rin ni mo pa sẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì yìí. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún wọn."

Tíṣà gbé ife kúnnú rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan." Ó pe oríkì mi, èyí tí òun nìkan máa ń pè. "Èyí kì í ṣe ti gbogbo yín. Ìwọ ni mò ń bi. Ṣé o fẹ́ wá bá mi ni, àbí o fẹ́ dúró síbẹ̀? Fẹnu ara ẹ sọ ọ́, kí bàbá ẹ gbọ́."

Ṣíì ni rẹ́kọ́dà ń ṣe. Mo rí i pé bàbá mi kò wo rẹ́kọ́dà mọ́, èmi ló ń wò. Mo kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ìyá àgbà, mo fẹ́ dúró síbí," mo sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màá máa wá kí yín ní gbogbo ọlidé. Ẹ óò máa pa àlọ́ fún mi, màá máa gbè é."

Mo sọ ọ́ tán, mo sì mí sínú. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ padà.

"Mo gbọ́," ni Ìyá àgbà sọ.

"To," bàbá mi sọ, ó sì na ọwọ́ ti àpótí onípáànù náà sídìí ògiri, kúrò lọ́nà. Mo wo òǹkà, mo kọ ọ́ sílẹ̀: 071.